Ìṣòro Ni Kó Ṣáájú Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra àtidi olùkọ́, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kan bẹ̀rẹ̀. Sójà 1,128 fẹ́ rìnrìn àjò. Bọ́ọ̀sì kan ń gba sójà 36. Bọ́ọ̀sì mélòó ni yóò kó gbogbo wọn?

Wọ́n fi ìbéèrè yìí sínú ìdánwò kan tí àwọn ọmọ ọdún 13 ṣe káàkiri Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, nǹkan bí 70 ló pín in dáadáa, wọ́n rí 31, ó sì ku 12. Ṣùgbọ́n 23 péré ló dáhùn pé bọ́ọ̀sì 32 ni. Àwọn 29 kọ ọ́ sílẹ̀ pé "31, ó ku 12." Àwọn 18 mìíràn kọ 31, sójà 12 ò sì rí ọkọ̀ wọ̀.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí gbọ́n. Bí ẹ bá mú wọn lọ síbi tí bọ́ọ̀sì 31 ti kún fọ́fọ́, tí èèyàn 12 ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n gbé ẹrù dání, kò sí èyí tí kò ní sọ fún yín pé ẹ lọ wá bọ́ọ̀sì kan sí i. Ṣùgbọ́n lórí bébà yẹn, wọn ò rí bọ́ọ̀sì rárá. Nǹba ni wọ́n rí.

Ní Grenoble, lórílẹ̀-èdè Faransé, láàárín àkókò yẹn náà, àwọn olùwádìí kan bi àwọn ọmọ kéékèèké ní ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn: "Àgùntàn 26 àti ewúrẹ́ 10 wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan. Ọmọ ọdún mélòó ni ọ̀gá ọkọ̀ náà?" Ọmọ 97 ni wọ́n bi. Àwọn 76 nínú wọn ló fi àwọn nǹba yẹn ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì mú ọjọ́ orí ọ̀gá ọkọ̀ jáde. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, ó dùn mí wọra, nítorí mo mọ ẹni tó kọ́ wọn. Àwa ni. Kò sí olùkọ́ tó dúró níwájú kíláàsì tó ní kí ọmọ má ronú, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń to iṣẹ́ wa ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. A ó ṣàlàyé, a ó ṣe àpẹẹrẹ méjì lójú pátákó, ọmọ yóò ṣe ogún irú rẹ̀ sínú ìwé. Ìparí orí ẹ̀kọ́ ni ìbéèrè tó jọ ti ayé yóò tó wá yọjú, bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú omi. Nígbà yẹn, ọmọ ti mọ̀ pé pípín ni orí yìí dá lé. Yóò pín. Kí ló fẹ́ ka ìbéèrè fún?

Ohun tí mo wá bá yín sọ kò ju pé kí á yí ètò yẹn padà lọ. Ẹ jẹ́ kí ìṣòro ṣáájú, kí ẹ̀kọ́ máa tẹ̀ lé e bí ìṣòro náà bá ṣe ń béèrè fún un. Àwọn àgbà ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ẹni tí kò lọ síbì kankan kò ní ọ̀nà tó fẹ́ béèrè. Púpọ̀ nínú ọmọ tí a máa ń sọ pé wọn kì í béèrè ìbéèrè ní kíláàsì, a ò tíì fún wọn níbi tí wọ́n ń lọ ni.

Àwọn oníṣègùn ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà yìí gbé odidi ilé ẹ̀kọ́ ró. Ní 1969, Yunifásítì McMaster ní ìlú Hamilton, lórílẹ̀-èdè Kánádà, gba ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àkọ́kọ́ rẹ̀, ogún èèyàn péré. Howard Barrows, dókítà tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ àti iṣan ara, wà lára àwọn tó sọ ọ̀nà náà di mímọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ká a lára ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á ti há gbogbo ẹ̀yà ara sórí, á ti yege ìdánwò, ṣùgbọ́n tó bá dúró ti aláìsàn lẹ́bàá ibùsùn, gbogbo ohun tó há sórí kò ní jẹ́ ìpè rẹ̀. Ìmọ̀ wà nínú orí, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tó yẹ kó jáde.

Ẹ wo irú ìṣòro tí wọ́n lè fi síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ tó jókòó yí tábìlì ká. Ọkùnrin ẹni ọdún 60 kan ní òun kì í lè mí dáadáa bí òun bá sùn gbalaja. Àfi kí òun fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé orí sókè. Kò sí ẹni tó tíì kọ́ wọn nípa ọkàn. Ẹnì kan á béèrè pé kí ló kan mímí kan bí èèyàn ṣe sùn. Ẹlòmíràn á ní bóyá omi wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Báwo ni omi ṣe débẹ̀? Ìbéèrè yẹn ni yóò lé wọn lọ sídìí ìwé, wọ́n á sì rí i pé bí èèyàn bá sùn sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ máa ń padà sí àyà. Bí ọkàn kò bá lágbára àtitì í síwájú, ẹ̀jẹ̀ á dúró sẹ́yìn nínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ nípa ọkàn, nípa bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ká, nípa ẹ̀dọ̀fóró, gbogbo rẹ̀ sì so mọ́ ọkùnrin onírọ̀rí mẹ́ta yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí aláìsàn tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ náà á mọ ibi tí wọ́n ti ń pè é.

Láti Kánádà, ọ̀nà yìí tàn kálẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Maastricht ní Netherlands bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní 1974, àwọn ló sì to ìjókòó ẹgbẹ́ sí ìgbésẹ̀ méje tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń lò títí dòní. Lọ́dún yẹn kan náà ni Yunifásítì Aalborg bẹ̀rẹ̀ ní Denmark, níbi tí àwọn ẹnjiníà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi nǹkan bí ìdajì àkókò wọn yanjú ìṣòro kan ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́. Nínú ìgbésẹ̀ méje Maastricht, ọ̀kan ló wù mí jù, òun náà sì ni àwa tí à ń kánjú máa ń fò: kí ẹgbẹ́ tó tú ká, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọn ò mọ̀ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere. Ohun tí wọ́n kọ yẹn ni olúkúlùkù á lọ kà kí wọ́n tó tún pàdé. Ẹ ò rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ àkọlé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa kì í kọ́ dókítà. Ẹ jẹ́ kí n mú ìṣòro kan wá tí ọmọ ọdún 12 lè ṣe, tí àgbàlagbà náà sì lè lò. Ó jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ní London, ní 1854.

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún yẹn, kọ́lẹ́rà ya wọ àdúgbò Soho. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti pa èèyàn tó ju 500 lọ ní agbègbè kékeré kan tó yí òpópónà Broad Street ká. Nígbà náà, èrò tó gbilẹ̀ láàárín àwọn oníṣègùn ni pé afẹ́fẹ́ búburú láti inú ìdọ̀tí ló ń fa àrùn náà. Ibí yìí ni mo máa ń dúró sí. Mi ò ní sọ ohun tó fà á. Máàpù àdúgbò náà ni mo máa ń pín fún wọn, pẹ̀lú àmì níbi tí olúkúlùkù ti kú àti ibi tí àwọn ẹ̀rọ ìfami wà. Mo á wá bi wọ́n pé: ìwọ ni wọ́n pè, àwọn èèyàn ń kú lọ́wọ́, kí lo máa ní kí wọ́n ṣe lọ́la?

Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ wọn máa fi rí i pé àmì ikú ṣù jọ sí ẹ̀rọ omi kan. Inú wọn á dùn, wọ́n á ní àwọn ti parí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀. Mo á ní, "Bí afẹ́fẹ́ búburú bá wà nítòsí ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Ṣé máàpù yìí kò ní rí bẹ́ẹ̀ náà?" Wọ́n á dákẹ́. Òótọ́ ni, máàpù nìkan kò lè ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára afẹ́fẹ́. Kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀ sí i? Mo ti kó àwọn káàdì kan pamọ́, n kì í sì í fún wọn ní èyíkéyìí àfi tí wọ́n bá béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá béèrè bóyá a rí àwọn tó ń gbé nítòsí tí wọn ò kú, mo á fún un ní káàdì ilé tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí: 535 ló ń gbé inú rẹ̀, márùn-ún péré ló kú, wọ́n sì ní kànga tiwọn. Mo á tún fi ti ilé ìpọntí kún un, níbi tí òṣìṣẹ́ tó lé ní 70 wà tí kọ́lẹ́rà kò pa ọ̀kankan, tó jẹ́ pé ọtí ni wọ́n ń mu. Bí ẹlòmíràn bá béèrè bóyá ẹni tó jìnnà síbẹ̀ kú, ti obìnrin opó kan ní Hampstead ló kàn. Ọ̀pọ̀ kìlómítà ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti Soho, kò dé Soho fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn adùn omi ẹ̀rọ yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń gbé e wá fún un. Kọ́lẹ́rà pa á.

Ẹ ò mọ bí kíláàsì ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ka káàdì opó yẹn. Afẹ́fẹ́ Soho kò lè dé Hampstead, omi ló débẹ̀. Láti ẹnu ara wọn ni wọ́n ti ń sọ pé ẹni tó wà nítòsí tí kò mu, àti ẹni tó jìnnà tó mu, ni ẹlẹ́rìí tó dára jù. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń ya ohun méjì tó rìn pọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó fa òmíràn. Mo lè kọ gbólóhùn yẹn sójú pátákó ní ìṣẹ́jú kan kí wọ́n dà á kọ. Wọ́n á gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó délé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń dárúkọ John Snow, dókítà tó kó ẹ̀rí wọ̀nyí jọ, mo á sì sọ bí àwọn aláṣẹ àdúgbò ṣe yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kúrò ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án 1854. Ọ̀kan wà lára ìtàn náà tí n kì í fò: Snow fúnra rẹ̀ gbà pé ikú ti ń dínkù kí wọ́n tó yọ ọwọ́ ẹ̀rọ, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ti sá kúrò ládùúgbò. Ìbéèrè tuntun nìyẹn, àwọn ọmọ á sì tún bẹ̀rẹ̀ iyàn jíjà.

Ẹ̀kọ́ yìí ti dà rú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lò ó, gbogbo káàdì ni mo pín lẹ́ẹ̀kan náà, torí mo ń wo aago. Àwọn ọmọ kà wọ́n, wọ́n ní omi ni, wọ́n pa ìwé dé. Wọn ò béèrè ohun kankan, nítorí mi ò jẹ́ kí wọ́n ṣaláìní ohun kankan. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìṣòro gidi nìkan kò tó. Bí ìsọfúnni ṣe ń bọ́ sí ọmọ lọ́wọ́, ní àsìkò tó ń wá a, ni iṣẹ́ olùkọ́ wà.

Kò dìgbà tí ìṣòro bá jẹ́ ti ikú àti ìyè. Ẹ̀rọ omi tó ń jò ní ilé ìwé tó. Ẹ bi àwọn ọmọ pé omi mélòó ló ń ṣòfò níbẹ̀ láàárín ọdún kan. Ẹgbẹ́ kan gbé ife sábẹ́ rẹ̀, wọ́n rí mìlìlítà 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn jẹ́ lítà 28.8 lójúmọ́, ó sì lé ní lítà 10,500 lọ́dún. Ẹgbẹ́ kejì rí mìlìlítà 23. Ta ló tọ̀nà? Ọdún kan ní ìṣẹ́jú 525,600, nítorí náà àṣìṣe mìlìlítà kan ṣoṣo nínú ife yẹn á di nǹkan bí lítà 525 ní ìparí ọdún. Ìyẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn pinnu pé ìṣẹ́jú kan kéré jù, pé káwọn wọ̀n ọ́n nígbà márùn-ún, kí wọ́n sì wá ìpíndọ́gba. Mo ti ń kọ́ ìpíndọ́gba láti ọdún pípẹ́, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń jò ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ kan bi mí bóyá ọ̀nà kan wà tí a fi lè pa nǹba márùn-ún pọ̀ di ẹyọ kan láì ṣe ojúsàájú.

Ní báyìí, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń sọ ọ́ nínú pé gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ nǹkan kan kò lè yanjú ìṣòro. Ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún un láyè. Ní 2006, àwọn olùwádìí nípa ẹ̀kọ́ mẹ́ta, Paul Kirschner, John Sweller àti Richard Clark, kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn olùkọ́ ṣì ń jiyàn lé lórí. Wọ́n ní ibi tí ọpọlọ ti ń gbé ohun tí à ń rò lọ́wọ́ kéré gan-an. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lè gbé ìṣòro ńlá nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wà ní ìrántí rẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ sílẹ̀ láìsí ìtọ́sọ́nà, ẹrù á wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò sì ní kọ́ nǹkan púpọ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àpẹẹrẹ tí a ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin wúlò ju kó máa ta gìrọ́gìrọ́ lọ. Mo gba èyí gbọ́. Mo ti rí ọmọ tí ìṣòro ńlá mú kó kórìíra ìṣirò. Lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn pàápàá, àkójọ ìwádìí tó jáde ní 1993 fi hàn pé àwọn tó fi ìṣòro kẹ́kọ̀ọ́ ń rẹ̀yìn díẹ̀ nígbà mìíràn nínú ìdánwò ìmọ̀ ìpìlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń ṣe dáadáa tó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tàbí jù wọ́n lọ, lẹ́bàá aláìsàn.

Olùwádìí mìíràn, Cindy Hmelo-Silver, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fèsì ní 2007 pé ìtọ́sọ́nà kún inú ọ̀nà yìí, pé ẹni tó fi ìṣòro lé ọmọ lọ́wọ́ tó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni kò ṣe é bó ṣe yẹ. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì ń ṣàpèjúwe kíláàsì méjì tó yàtọ̀ síra. Iṣẹ́ tí olùwádìí Manu Kapur ṣe ní Singapore ló là á fún mi jù. Ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iye góòlù tí àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta gbá sáwọ̀n lọ́dọọdún fún ọdún 20, ó ní kí wọ́n wá ọ̀nà láti fi nǹba sọ ẹni tó dúró déédéé jù nínú wọn. Wọn ò tíì kọ́ bí a ṣe ń wọn ìfọ́nká nǹba, ìyẹn bí àwọn nǹba ṣe jìnnà síra tó. Wọ́n ya àwòrán, wọ́n yọ tèyí kúrò nínú tọ̀hún, wọ́n ka iye ìgbà tí góòlù dínkù. Wọn ò rí ọ̀nà tó wà nínú ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn ni olùkọ́ tó kọ́ wọn tààrà. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò pẹ̀lú àwọn tí a kọ́kọ́ kọ́ kí wọ́n tó ṣe ìṣòro, àwọn méjèèjì mọ bí a ṣe ń ṣe ìṣirò náà bákan náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́kọ́ kùnà lóye ìdí rẹ̀ jù, wọ́n sì lè lò ó níbi tuntun. Ẹ kíyè sí i pé olùkọ́ kọ́ wọn o. Pátákó wà, ṣọ́ọ̀kì wà, àlàyé wà. Àsìkò nìkan ló yí padà. Nígbà tí àlàyé dé, ebi rẹ̀ ti ń pa wọ́n.

Nítorí náà, tí mo bá rí i pé ẹgbẹ́ kan ti dúró sójú kan, tí ìbéèrè wọn ti di ọ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n sì lè sọ ọ́ jáde, mo á gba ṣọ́ọ̀kì, mo á kọ́ wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo á sì ṣe àpẹẹrẹ dé òpin. Tí wọn ò bá tíì lè sọ ohun tí wọn ò mọ̀, ìbéèrè ni mo máa fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn tí ìpìlẹ̀ wọn kò lágbára, mo máa ń gé ìṣòro náà kù fún wọn: wákàtí kan dípò ọdún kan, ilé mẹ́ta dípò odidi àdúgbò.

Ti iṣẹ́ ẹgbẹ́ kò pẹ́ sọ. Ọmọ kan á máa ṣe gbogbo rẹ̀, ẹnì kan á máa wòran. N kì í gba àbọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Èmi ni mò ń yan ẹni tó máa sọ̀rọ̀, wọn ò sì mọ ẹni tí màá pè títí dìgbà tí mo bá pè é.

Ti máàkì ló ṣòro jù, nítorí ìdánwò ìparí ọdún kò dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ń pín in sọ́nà méjì. Ẹgbẹ́ ń gba máàkì lórí ojútùú wọn àti ẹ̀rí tí wọ́n fi gbè é. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù á dá jókòó, á sì dáhùn ìbéèrè tuntun tó nílò ìmọ̀ kan náà, tí kò sì jọ ti tẹ́lẹ̀ lójú: àìsàn mìíràn ní ìlú mìíràn, tàbí táǹkì tó ń kún dípò ẹ̀rọ tó ń jò. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí ẹni tó mú ìmọ̀ kúrò nínú ìtàn Soho àti ẹni tó mú ìtàn nìkan.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má tíì kọ ìṣòro tuntun. Ẹ ṣí ìwé tí ẹ ń lò, ẹ lọ sí ìparí orí ẹ̀kọ́ tó kàn, ẹ mú ìbéèrè tó jọ ti ayé tó wà níbẹ̀, ẹ yọ nǹba kan kúrò nínú rẹ̀ kí àwọn ọmọ lè bi yín léèrè rẹ̀, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ọjọ́ Ajé, kí ẹ tó sọ àkọlé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ẹ mú ìwé kékeré dání. Ẹ kọ gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bá bi yín sílẹ̀, bí wọ́n ṣe bi í gan-an, nítorí nínú àwọn ìbéèrè yẹn lẹ ó ti rí bí ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yóò ṣe rí.